Náírà àti Sẹ́fà: Iye Tí Wọ́n Jẹ́ Síra Wọn Láti Ọdún 1973

Láti Ìjẹ̀gùn, ọ̀nà ibodè kò ṣòroó mọ̀. Èèyàn á gba Ìkòtún bọ́ sí Ìgàndò, á gba iwájú LASU já sí Ìyànà Ìbá. Ó ti bọ́ sọ́nà Bàdágírì nìyẹn, ó di Ṣẹ̀mẹ̀. Ẹni tó ń lọ ra bélì òkìrìkà ní Kútọ̀nù, tàbí tó fẹ́ lọ wo ọkọ̀ tòkunbọ̀, kì í kọ́kọ́ bèèrè iye ọjà. “Èló lẹ̀ ń ta ẹgbẹ̀rún sẹ́fà?” ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Sẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n nínú owó méjèèjì. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 1945 ni ìjọba Faransé dá a sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà, Dàhòmì tó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí sì wà lára wọn. Náírà dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973, náírà 2 rọ́pò pọ́n-ùn Nàìjíríà 1. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ti pín ilẹ̀ kí owó wọ̀nyí tó dé: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àwọn ọmọ bàbá kan náà ṣe di ẹni tó ń ná owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Iye tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ìjọba, kì í ṣe ti ojú pópó. Dọ́là la fi wọ̀n ọ́n: a mú iye sẹ́fà tó ń ra dọ́là kan lọ́dún kọ̀ọ̀kan, a fi iye náírà tó ń ra dọ́là kan náà pín in. Iye sẹ́fà tí náírà 1 ń rà nìyí:

1973: bí 340
1980: bí 385
1985: bí 500
1987: bí 75
1993: bí 13
1994: bí 25
2000: bí 7
2010: 3 lé díẹ̀
2020: 1 àbọ̀ lé díẹ̀
2024: kò tó ìdajì sẹ́fà kan

Kí 500 ti 1985 yẹn má tan ẹnikẹ́ni jẹ, orí ìwé ló wà. Ní oṣù Kẹrin 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ti ibodè pa, ó sì pa àwọ̀ owó dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún aráàlú láti kó owó àtijọ́ lọ sí báńkì. Náírà tó wà nínú àpótí oníṣòwò ní Àjàṣẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀ di bébà. Ibodè kò ṣí títí di 1986, ẹni tó sì ń ṣẹ́ owó ní bòókẹ́lẹ́ lásìkò náà kò rí iye tó súnmọ́ 500 gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ṣí ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń pè ní SFEM. Dọ́là tí kò tó náírà 2 tẹ́lẹ̀ fò kọjá 4. Ó dun gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ó tún dun àwọn tó ní èèyàn lọ́fíìsì, tí wọ́n ti ń rí dọ́là olówó pọ́ọ́kú rà, ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ìlà 1994 nìkan ni náírà ti gòkè lẹ́yìn 1985, kì í sì í ṣe pé náírà ṣe dáadáa kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní ọdún náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà pàdé ní Dakar, wọ́n sì gé owó wọn sí méjì: fàráǹkì Faransé 1 tó ti ń jẹ́ sẹ́fà 50 di 100. Ohun tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun di ọ̀wọ́n ní Kútọ̀nù. Ní tiwa, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha so dọ́là mọ́ náírà 22 lọ́dún yẹn kan náà, wọn ò tú u pátápátá títí 1999 fi wọlé, nígbà tí dọ́là ti kọjá 80 lójú pópó. Ẹni tó bá ń fi 25 ti 1994 yangàn, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Títì tí wọ́n tún ti ibodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, tí Ṣẹ̀mẹ̀ kò ṣí títí di oṣù Kejìlá 2020, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn nínú iye owó. Ìdí ìkòkò ìrẹsì ló ti hàn.

Ọjọ́ tó yẹ kí a fàlà sí nídìí ni ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023. Láàárọ̀, dọ́là kan jẹ́ náírà bí 470 lójú ìjọba, ó sì jẹ́ sẹ́fà bí 605. Báńkì Àpapọ̀ kó oríṣiríṣi iye tó fi ń ta dọ́là pọ̀ di ẹyọ kan, ó ní kí ọjà máa pinnu rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, dọ́là ti kọjá náírà 660. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́fà ṣe borí náírà lójú ìjọba láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó ti rí i láti 2022. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ṣáájú ọjọ́ náà ni Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo ní Bẹ̀nẹ̀ fi gbówó lórí.

Ẹgbẹ̀rún sẹ́fà tí kò tó náírà 3 ní 1980 ti kọjá náírà 2,400 ní 2024. Láti 1999, yúrò 1 kò yẹ̀ kúrò ní sẹ́fà 655.957. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ iye yúrò ní náírà láàárọ̀, kó fi 656 pín in: iye sẹ́fà kan nìyẹn. Èrè àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Ṣẹ̀mẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ o.