Òótọ́ àbí irọ́? “Ẹ̀gbọ́n, 58,000 péré ló rìn”

Ẹni tó bá ti lọ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí, yálà ní Berger l'Ékòó tàbí ní Kùtọnu, á ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Alágbàtà á yí kọ́kọ́rọ́, iná dáṣíbọọ̀dù á tàn, á na ìka sí mílééjì, ó tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa ka owó nínú ọkàn wọn. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ wò.

“Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń yí mílééjì ẹ̀. Ti ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ni, kò ṣeé yí.”

Irọ́ ni. Ó tiẹ̀ ti wá rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, dandan ni kí wọ́n tú dáṣíbọọ̀dù kí wọ́n tó lè fọwọ́ yí nọ́mbà sẹ́yìn, nígbà míì nọ́mbà náà ò sì ní tò gún mọ́, ojú á rí i. Ní báyìí, inú ṣíìpù kékeré kan ló wà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ á tẹ iye tó bá wù ú sí i, kò sì ní sí àpá kankan tí ojú á rí. Láti ọdún 1972 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ yíyí mílééjì di ẹ̀ṣẹ̀, síbẹ̀ NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó níbẹ̀, fojú bù ú pé ọkọ̀ tó ju 450,000 lọ ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú mílééjì irọ́.

Ohun tí oníjìbìtì máa ń gbàgbé ni pé dáṣíbọọ̀dù nìkan kọ́ ló ń ka ìrìn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì tàbí ti jíà náà ní àkọsílẹ̀ tiẹ̀. Bí mẹ́káníìkì bá fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kàn án, tí jíà ń sọ 140,000 nígbà tí dáṣíbọọ̀dù ń sọ 58,000, ọ̀rọ̀ ti tú. Kì í ṣe pé olè ló ń fà á ní gbogbo ìgbà o. Ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá lè jẹ́ pé dáṣíbọọ̀dù ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n rà fún un ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Àmọ́ ìyẹn náà yẹ kí olówó mọ̀ kó tó sanwó.

“Bí mílééjì bá ti kéré, ọkọ̀ náà dáa nìyẹn.”

Irọ́ yìí gan-an ló ń mú kí irọ́ àkọ́kọ́ mówó wọlé. Bí a ò bá máa sáré tẹ̀lé nọ́mbà kékeré, ta ni ì bá máa wàhálà láti yí i? Ọkọ̀ tó dúró sójú kan fún ọdún púpọ̀ kì í rìn, mílééjì ẹ̀ á kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà inú ẹ̀ á ti gbẹ, táyà á ti sán. Òmíràn sì wà tí omi bò mọ́lẹ̀, irú èyí tí ìjì líle Harvey fi ṣòfò ní Texas lọ́dún 2017. Nọ́mbà ò ní sọ ìyẹn.

Ẹ tún wo gosiló wa. Ọkọ̀ tó dúró sórí afárá Third Mainland l'Ékòó fún wákàtí méjì, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, epo ń jó, mílééjì ò kúrò lójú kan. Ní tèmi, máa fún mi ní ọkọ̀ tó fi ọ̀nà márosẹ̀ rin 130,000 máìlì, tí ìwé pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ pé, kí o gbé èyí tó ní 50,000 tí kò ní ìwé kankan lọ.

“Ti Kánádà yìí ti rìn jù, ó ti lé ní 150,000.”

Ẹ fara balẹ̀. Kìlómítà ni Kánádà ń kà, Amẹ́ríkà ló ń ka máìlì. Kìlómítà 160,000 kò ju nǹkan bíi máìlì 100,000 lọ.

“Carfax ẹ̀ mọ́, kò sí wàhálà.”

Carfax ni ilé iṣẹ́ tó ń ta àkọsílẹ̀ ìtàn ọkọ̀ l'Amẹ́ríkà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò délé. Nọ́mbà àti lẹ́tà 17 tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, ni wọ́n fi ń wá àkọsílẹ̀ ọkọ̀. Ìkẹwàá nínú wọn ń sọ ọdún ọkọ̀: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Wọn kì í lo lẹ́tà I, O tàbí Q. Bí àkọsílẹ̀ bá jáde, ẹ tẹ̀lé mílééjì láti ọdún dé ọdún. Ó gbọ́dọ̀ máa gòkè ni. Bó bá jẹ́ 96,000 lọ́dún kan, tó wá di 61,000 lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹ máa lọ sílé.

Ibi tí kò ti délé nìyí: ilé iṣẹ́ mẹ́káníìkì tí kò bá fi ìròyìn ránṣẹ́ kò ní hàn níbẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2010 sẹ́yìn, òfin Amẹ́ríkà ò fi dandan mú ẹni tó ń tà á mọ́ láti kọ mílééjì sínú ìwé. Ti 2011 síwájú ló di dandan títí á fi pé ogún ọdún. Ẹ sì wo iye Corolla ọdún 2008 tó wà lójú títì wa! Ẹ má gba ìwé tí alágbàtà tẹ̀ wá, torí ó lè jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn. Ẹ fọwọ́ ara yín da nọ́mbà náà kọ látara gíláàsì, kí ẹ sanwó àyẹ̀wò fúnra yín.

Ẹni tó ń ra ọkọ̀ ní London rí ọ̀fẹ́: nọ́mbà pléètì ọkọ̀ nìkan ló nílò láti rí mílééjì tí wọ́n kọ nígbà MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì ìjọba.

“Ojú lásán á mọ̀ ọ́n.”

Òótọ́ ni, fún ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò. Rọ́bà pẹ́dàlì bíréèkì tó ti dán kọjá àlà, awọ ìdarí tó ti bó, etí àga awakọ̀ níhà ilẹ̀kùn tó ti rún, kò bá 58,000 mu. Pẹ́dàlì tuntun nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní kò rìn púpọ̀ náà yẹ ní bíbéèrè. Èyí tó wù mí jù ni bébà kékeré tí àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì l'Amẹ́ríkà máa ń lẹ̀ mọ́ igun gíláàsì tàbí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n kọ mílééjì ìpààrọ̀ tó ń bọ̀ sí. Wọ́n á yí dáṣíbọọ̀dù tán, wọ́n á fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á gbàgbé bébà: 127,500.

Mẹ́káníìkì tiyín ni kí ẹ mú dání, kì í ṣe èyí tí alágbàtà pè. Bí wọn ò bá gbà kó fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan ọkọ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, òmíràn wà níwájú.