Klimaatklever: oríkèé ọ̀rọ̀ tí ojú kì í rí, tí etí ń gbọ́

Gbogbo wa la rí ọkùnrin tó lẹ orí ara rẹ̀ mọ́ gíláàsì tó bo àwòrán tí Vermeer yà, ti ọmọbìnrin tó fi péálì ṣe yẹtí, ní ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Mauritshuis nílùú The Hague lóṣù Kẹwàá ọdún 2022. Kí ọdún náà tó parí, Van Dale, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Dutch, kéde klimaatklever gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ọdún. Àwọn tó ń jà nítorí àyípadà ojú ọjọ́ ni ìròyìn ń sọ. Èmi, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló gbà mí lọ́kàn.

Klimaat ni bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí. Klever ni alẹ̀mọ́. Ọ̀pọ̀ àjèjì rò pé gígùn lásán ni ìṣòro irú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá lẹ́yìn tí anderhalvemetersamenleving, àwùjọ tí mítà kan ààbọ̀ wà láàárín ẹnì kan sí èkejì, di ọ̀rọ̀ ọdún 2020. Gígùn kọ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká mọ̀ ni pé apá ẹ̀yìn ló ni ọ̀rọ̀: irú alẹ̀mọ́ kan ni klimaatklever, kì í ṣe irú ojú ọjọ́ kan. Iwájú ni olórí ń jókòó sí ní tiwa. Irun ni irùngbọ̀n, kì í ṣe àgbọ̀n.

Irùngbọ̀n yìí tún kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí irun pàdé àgbọ̀n, a pa fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ àgbọ̀n jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Èdè Dutch kì í jẹ́ kí ẹnu gbé oríkèé mì bẹ́ẹ̀. Hand ni ọwọ́. Tó bá di púpọ̀, ó di handen, wọ́n á pè é ní han-den, d á sì bá fáwẹ́lì ẹ̀yìn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo avondeten, oúnjẹ alẹ́, tó wá láti ara avond àti eten. D ibẹ̀ kì í sọdá. Níwọ̀n bí ìró d kò sì ti lè parí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kó má di t, "avont-eten" là ń gbọ́. Kò sí àlàfo lórí ìwé, kò sí àmì, síbẹ̀ ẹnu mọ ibi tí oríkèé wà.

Èdè náà kò ní ohùn bíi tiwa, àmọ́ sílébù kan máa ń wà tí ẹnu tẹ̀ ju ìyókù lọ. Ọ̀rọ̀ iwájú ló sábà máa ń gbà á, níbi tó ti ń gbà á nígbà tó dá wà: kli-MAAT-kle-ver. Ẹ wá wo massagebed. Bí a bá tẹ SA, massage àti bed ni, ibùsùn tí wọ́n ti ń wọ́ ènìyàn lára. Bí a bá tẹ MAS, massa àti gebed ni, àdúrà ọ̀pọ̀ èrò. Ó dà bí ìgbà tí a kọ igbá, igba àti ìgbà láìfi àmì sí wọn.

Stadhuis, ilé ìjọba ìlú, kò tẹ̀ lé òfin yìí: huis ni wọ́n ń tẹ̀. Burgemeester, olórí ìlú, náà kò tẹ̀ lé e. Mo fura pé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ti lò pẹ́ máa ń gbàgbé pé méjì lòun tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ló dá ìjà sílẹ̀. Lọ́dún 1995, Taalunie, àjọ tó ń bójú tó èdè náà fún Netherlands àti Flanders, sọ pannekoek, ìyẹn páńkéèkì, di pannenkoek, torí pé pannen ni pan, páànù tí wọ́n fi ń dín nǹkan, tó bá ju ẹyọ kan lọ. Zonneschijn, ìtànṣán oòrùn, kò gba n, torí oòrùn kan ló wà. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe lọ́dún 2005, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ̀ ọ́, wọ́n sì yàn láti lo Ìwé Kékeré Funfun, ìwé atọ́nà àkọtọ́ mìíràn tó jáde lọ́dún 2006. Lójú tèmi, òfin ti sáré ju etí lọ. Ọ̀pọ̀ ará Netherlands kì í pe n yẹn rárá, pan kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń dín pannenkoek.