Àgbo àti Kápúsù Níwájú Òjé

Ní ọdún 2010, ní abúlé Dareta àti Yargalma ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, gìrì ń gbé àwọn ọmọ kéékèèké, wọ́n sì ń kú. Òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ni àwọn òbí wọn ń fi ẹ̀rọ ọkà lọ, nínú ilé pàápàá. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà; eruku rẹ̀ wọ inú àgbàlá, ó wọ ẹnu ọmọ. Nínú ọmọ 205 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ (máíkírógíráàmù nínú désílítà kan). Ibi tó bá ti dé 45 ni àwọn dókítà ti máa ń lo oògùn tó ń fa òjé jáde.

Succimer ni oògùn tí wọ́n lò níbẹ̀, kápúsù tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Imí ọjọ́ inú rẹ̀ ló ń rùn, òun náà ló sì ń di òjé mú kí ìtọ̀ lè gbé e jáde. Aáyù náà ní imí ọjọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń fi aáyù wá ìwòsàn kò ṣìnà.

Ẹ̀rí sì wà. Àwọn olùwádìí ní Mashhad, ní orílẹ̀-èdè Iran, tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2012. Òṣìṣẹ́ bátìrì mọ́tò 117 ni wọ́n pín sí méjì: apá kan lo aáyù, apá kejì lo penicillamine, oògùn òyìnbó tó ń fa òjé jáde. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, òjé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó lo aáyù wálẹ̀ láti nǹkan bíi 43 sí 35; ti àwọn yòókù wálẹ̀ láti 42 sí 32. Ara tu àwọn aláàáyù ju àwọn kejì lọ: orí fífọ́ àti inú bíbí wọn dínkù. Mo ka èyí sí iṣẹ́ ńlá. Àmọ́ àgbàlagbà ni wọ́n, májèlé ara wọn kò sì pọ̀ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Zamfara ti kọjá 100, ọpọlọ wọn sì ń dàgbà lọ́wọ́.

Orógbó ńkọ́? Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Farombi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí kolaviron, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀. Májèlé irin bí òjé a máa jẹ ààbò ara run, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín a sì fara gbá a. Orógbó, ewúro àti irú wọn a máa dín ìpalára yẹn kù lára eku. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú àdánwò bẹ́ẹ̀, eku ti ń mu oje wọn kí májèlé tó dé, tàbí kó máa mu méjèèjì pọ̀. Ọmọ èèyàn kì í rí ìtọ́jú àfi lẹ́yìn tí òjé ti wọ eegun rẹ̀ tán. Ibí yìí ni mo ti fi kápúsù ṣíwájú àgbo, láìṣiyèméjì.

Ewé fúnra rẹ̀ sì lè gbé òjé. Ewúro tó hù nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì àlòkù, bíi ti ìlú Ògíjo, kì í ṣe ewé tí mo lè fún ọmọ. Ohun ìbílẹ̀ tí a fọkàn tán náà lè jẹ́ orísun májèlé: ní Boston ní 2011, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí wọ́n ń lé tìróò Nàìjíríà fún, òjé sì kó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tìróò náà lọ.

Kí ìyá fi ewúro se ọbẹ̀, kó sì bọ́ ọmọ yó, nítorí inú òfìfo ń fa òjé mọ́ra. Àmọ́ bí gìrì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má kọ́kọ́ gbé ìkòkò àgbo kaná. Kápúsù náà kò sì tó láìsí ìmọ́tótó ilẹ̀: ní abúlé Bagega ní Zamfara, títí di 2013 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó erùpẹ̀ olóró kúrò lágbàlá ni àwọn ọmọ ń dúró kí wọ́n tó rí succimer gbà, torí ọmọ tó bá gba oògùn tó tún padà sínú eruku náà yóò tún gbé òjé mì.