Kí Ni Ọpọlọ Ń Ṣe Nígbà Tí Ọmọ Bá Sùn?

Ilẹ̀ ti ṣú ní Moretan, ní agbègbè Atakpamé. Àwọn ọmọ ti jẹun alẹ́. Wọ́n ti tẹ́ ẹní, wọ́n sì ti sùn. Ọwọ́ ń sinmi. Ẹsẹ̀ ń sinmi. Ṣé ọpọlọ náà dákẹ́ ni? Rárá o. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ.

Iná mànàmáná díẹ̀ wà nínú ọpọlọ. Kò lè jó ènìyàn. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, bí ìgbì omi. Ìgbì ọpọlọ nìyẹn. Ní ọdún 1924, dókítà kan ní Jámánì, Hans Berger, fi ẹ̀rọ ya ìgbì ọpọlọ ènìyàn sórí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bí ojú ọmọ bá là sílẹ̀, ìgbì náà kéré, ó sì ń yára. Bí ó bá ń tòògbé, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Bí ó bá sùn wọra, ìgbì á tóbi, á sì lọ́ra gan-an. Ẹ pè é, kò gbọ́. Nígbà yìí ni ara ń pèsè ohun tí ń mú ọmọ dàgbà.

Lẹ́yìn náà, ìgbì á tún kéré, á tún yára, bí ẹni pé ọmọ ti jí. Kò tíì jí o. Àlá ni ó ń lá. Ẹyinjú rẹ̀ ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú. Ó lè máa sá fún màlúù lójú àlá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ẹní. Ọpọlọ ti dá a dúró.

Àsùnwọra àti àlá ń tẹ̀lé ara wọn báyìí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Lójú oorun, ọpọlọ ń kó ẹ̀kọ́ pa mọ́, bí àgbẹ̀ ti ń kó àgbàdo sínú aká. Ọmọ tí kò sùn tó yóò máa tòògbé ní kíláàsì, yóò sì gbàgbé ẹ̀kọ́ àná. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Àlọ́ tí kò bá parí lálẹ́ òní, yóò parí lọ́la.

Ìbéèrè
1. Nígbà wo ni ìgbì ọpọlọ ń tóbi, tí ó sì ń lọ́ra?
2. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ ọmọ tí ń lá àlá kì í sáré?
3. Ọmọ kan sùn ní agogo 8 alẹ́, ó jí ní agogo 6 òwúrọ̀. Wákàtí mélòó ni ó fi sùn? Ṣé ó tó?