Òtútù Tó Ń Jó Ẹ́ńjìnnì

Ní Valcourt, ìlú kékeré kan ní Quebec lórílẹ̀-èdè Kánádà, yìnyín máa ń dí ọ̀nà pa nígbà òtútù. Ní ọdún 1934, àìsàn kọ lu ọmọkùnrin kékeré tí Joseph-Armand Bombardier bí, kò sì sí ọkọ̀ tó lè gbé e la yìnyín kọjá dé ilé ìwòsàn. Ọmọ náà kú. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀. Ó ti ń gbìyànjú tipẹ́ láti ṣe ọkọ̀ tí yìnyín kò ní dá dúró, kò sì jáwọ́. Nígbà tó di 1959, ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé Ski-Doo jáde, snowmobile tí èèyàn ń gùn bí ọ̀kadà, tí bẹ́líìtì rọ́bà ń yí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ irú èyí tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour": ọ́ìlì máa ń bá epo wọlé, plọ́ọ̀gì sì ń ṣẹ́ná nígbàkígbà tí pístọ̀nù bá gòkè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé òtútù yóò tu irú ẹ́ńjìnnì yìí lára. Rárá o. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tutù ló ń ki. Bí ojú ọjọ́ bá já láti 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius sí 30 nísàlẹ̀ òdo, afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì á fi nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 ki sí i. Bí epo kò bá pọ̀ sí i pẹ̀lú rẹ̀, iná inú sílíńdà á gbóná kọjá ààlà. Pístọ̀nù á lu, tàbí kó gan mọ́ sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì.

Nítorí náà ni àwọn tó ń lo kabúrétọ̀ ṣe máa ń pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn idẹ kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá. Òtútù pọ̀ sí i, wọ́n fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi sí i. Plọ́ọ̀gì ni wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò: wọ́n á tẹná mọ́ ọn dópin, wọ́n á pa á lójijì, wọ́n á tú plọ́ọ̀gì. Bó bá dúdú tó sì tutù, epo ti pọ̀ jù. Bó bá pupa rúsúrúsú, ó dára. Funfun ni kí wọ́n sá fún. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ ti fẹ́ kéré jù máa ń yá gan-an, ó sì ń dùn ún gùn, títí ìṣẹ́jú tó máa fi bàjẹ́.

Òkè gíga tún dá ọ̀ràn náà padà. Ní Togwotee Pass ní Wyoming, tó ga ju 2,900 mítà lọ, agbára afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ti etí òkun lọ. Jẹ́ẹ̀tì kékeré ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó tutù láìpààrọ̀ rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Táímìn, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń ṣẹ́ná, ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 8,000 níṣẹ́jú kan, yíyípo kan kò tó ìdá 8 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Iná kò sì lè ràn tán lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ná kí pístọ̀nù tó dé òkè pátápátá. Bó bá yá jù, ipá iná á pàdé pístọ̀nù lójú ọ̀nà, epo tó kù á bú gbàmù fúnra rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, agbára á dín kù, ooru á gba páìpù èéfín lọ. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, mẹkáníìkì á ti géèjì gba ojú ihò plọ́ọ̀gì láti fi mílímítà wọn ibi tí pístọ̀nù dé, á tú bóòtì àwo tó ń mú iná wá, á sì yí i díẹ̀díẹ̀.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Láti orí àwọn ọkọ̀ ti 2009 ni Ski-Doo ti ń lo E-TEC, tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà. Kọ̀ǹpútà ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe tutù tó àti bó ṣe fúyẹ́ tó, ó sì ń tún epo àti táímìn ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń gòkè. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé iṣẹ́ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá lọ ra páìpù èéfín mìíràn kí ọkọ̀ rẹ̀ lè sáré sí i sábà máa ń ní láti wá ẹni tí yóò tún ètò epo inú kọ̀ǹpútà náà kọ.