Ṣé O Mọ̀? Oko Àgbẹ̀ Ológun Kan Ni Ọjà Kensington Tẹ́lẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń ta èso, ẹja àti wàràkàṣì ní Ọjà Kensington, Toronto, ilẹ̀ ìdílé Denison ni nígbà kan? Àwọn Mississauga, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Kánádà, ló ni ín kí Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí George Taylor Denison, tó ni ilẹ̀ náà, sí ní 1783. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó o wá sí Kánádà ní 1792. Àgbẹ̀ ni, ó sì wà lára àwọn ará ìlú tó ń gbé ìbọn bí ogun bá dé. Ó jagun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ti 1812. Ní 1822, ó dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ló di ẹgbẹ́ ọmọ ogun Governor General's Horse Guards tó ṣì wà ní Toronto.

Bó o bá ń rìn ládùúgbò náà, ka àkọlé òpópónà: Denison, Bellevue (orúkọ ilé rẹ̀), Lippincott, Borden. Esther Borden Lippincott ni ìyàwó tó fẹ́ ní 1806. Inú mi dùn pé wọn ò gbàgbé obìnrin náà.

Ọmọ ọmọ George Denison, Frederick Charles Denison, tilẹ̀ dé Áfíríkà wa. Ní 1884, ó kó àwọn atukọ̀ Kánádà tó sún mọ́ irinwó, àwọn Mohawk, ẹ̀yà onílẹ̀ míì, wà nínú wọn, lọ sórí odò Náílì, kí wọ́n lè gbé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ gba Gordon, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọ̀tá ká mọ́ Khartoum ní Sudan, sílẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí wọ́n pa Gordon ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yọ.