«Thou»: Ọ̀rọ̀ Àtijọ́ Kan Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí ẹ bá ṣí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yìí: «thou». Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? «Ìwọ» ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bá sọ̀rọ̀. Ọba ni o, ẹrú ni o, Ọlọ́run pàápàá, «thou» ni nínú Bíbélì náà. Bí ènìyàn bá ju ẹnì kan lọ, «ye» tàbí «you» ni. «Ẹ̀yin» nìyẹn.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Ìlú Òyìnbó, «you» ti di ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan pẹ̀lú, bí àwa ti ń sọ «ẹ» fún àgbà. «Thou» wá di ti ọmọdé, ọ̀rẹ́ àti ìránṣẹ́. Ẹni tó bá sọ ọ́ sí ọlọ́lá, ó rí i fín ni. Ní ọdún 1603, Edward Coke, agbẹjọ́rò ọba, fi «thou» bú Walter Raleigh ní gbangba kóòtù.

Nígbà tó yá, ìbẹ̀rù àrífín mú kí wọ́n máa sọ «you» fún tọmọdé tàgbà. «Thou» fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lẹ́nu wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ «you» sí yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe bínú pé ó yájú. «Ẹ̀yin» ni «you» láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ «ìwọ» sí yín ní Yorùbá, ẹ bá a wí!